Gbòǹgbò Tí A Kò Yọ Dànù: Ìtàn Ìtọ́jú Eyín Iwájú Ọmọdé Tí Ó Kán

Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ èrò kan ṣoṣo: bí àwọn oníṣègùn eyín ṣe kọ́ láti fa gbòǹgbò eyín tí ó kán bọ̀ sí ìta, dípò kí wọ́n máa yọ ọ́ dànù. Lẹ́yìn náà, n ó wo ohun tí èrò yìí jẹ́ fún ọmọ tí ó ń gbé ní àríwá Èkìtì.

Yorùbá ka eyín iwájú sí ohun iyì. Ẹni tí Ọlọ́run fi èjí jíǹkí, a ní ó rẹwà. Bí eyín ọmọdé bá yọ, àwọn òbí a ní kí ó jù ú sí orí òrùlé, nítorí wọ́n mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n eyín iwájú òkè tí ó máa ń hù ní nǹkan bí ọdún 7 sí 8 kò ní àrọ́pò. Bí ọmọ bá ṣubú níbi eré tí ìyẹn kán, òrùlé kò lè dá a padà.

Bí ó bá jẹ́ etí eyín nìkan ni ó fọ́, àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ìṣòro ńlá ni kí ó kán wọ abẹ́ erìgì, nítorí kò sí ibi tí a ó gbé eyín àtọwọ́dá lé. Fún ìgbà pípẹ́, yíyọ ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò bá ti lọ, egungun tí ó yí i ká a máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ a sì máa dà sí àlàfo náà. Eyín onírin tí a ń rì mọ́ egungun àgbàlagbà kò yẹ ọmọdé, nítorí egungun ọmọ ń dàgbà, irin kì í dàgbà. Nípa báyìí, ọmọ ọdún 10 lè dúró fún ọdún 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè gba irú eyín bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tuntun náà kò ṣẹ̀ lójijì. Ní ọdún 1728, Pierre Fauchard, ará Faransé, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ìtọ́jú eyín. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí a ṣe lè fi irin pẹlẹbẹ àti okùn tún ìtò eyín ṣe. Eyín kì í ṣe òkúta tí a mọ mọ́ ògiri: bí a bá rọra fà á, egungun a máa yà fún un. Ní 1955, Michael Buonocore ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi ásíìdì pa ojú eyín, ohun àlẹ̀mọ́ yóò dì mọ́ ọn dáradára. Ní 1973, Geoffrey Heithersay ní Ọsirélíà so ìtọ́jú inú gbòǹgbò pọ̀ mọ́ fífà á bọ̀ sí ìta. Ní 1976, J. S. Ingber ní Amẹ́ríkà tún ṣàlàyé irú iṣẹ́ kan náà.

Báyìí ni wọ́n ti í ṣe é. Oníṣègùn a kọ́kọ́ ya àwòrán X-ray láti mọ̀ bóyá gbòǹgbò tí ó kù gùn tó láti ru eyín. Yóò wẹ inú rẹ̀ mọ́, yóò dí i, yóò sì fi ìkọ́ kékeré sí i. Bí ṣóńṣó gbòǹgbò ọmọ náà kò bá tíì pa dé, oògùn ni a ó kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀. A ó lẹ wáyà mọ́ àwọn eyín ẹ̀gbẹ́, rọ́bà tín-ínrín a sì máa fa ìkọ́ náà sí ọ̀dọ̀ wáyà. Gbòǹgbò lè sún tó mìlímítà 1 lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tí ibi tí ó kán bá ti hàn síta, a ó dè é fún ìgbà díẹ̀ kí ó má baà sún padà, kí a tó gbé eyín àtọwọ́dá lé e.

Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Èkó ni ó kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín sílẹ̀, ní 1966. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1970. Ní Ìdó-Èkìtì, ilé-ìwòsàn gbogboògbò ibẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1998, ọdún 2 lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ni lónìí, ó sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Ará Ìkọ̀lé lè gba Ọyẹ́ àti Ìfàkì dé ibẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà tí ó dé ilé-ìwòsàn nìkan kò tó. Ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ni yíyọ eyín. Ìtọ́jú tí mo ṣàlàyé yìí ń béèrè ìpadàbọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Owó ọkọ̀ àti ọjọ́ tí òbí kò lọ sí oko tàbí ọjà wà nínú iye rẹ̀. Ibi tí a kò bá ti ka èyí sí, yíyọ ni yóò máa borí, kì í ṣe nítorí pé ó dára jù, bí kò ṣe pé ó yá jù. Ìdí nìyí tí mo fi ń dá a lábàá pé kí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé eyín tí ó kán dé abẹ́ erìgì lè wúlò síbẹ̀, kí wọ́n sì tètè rán ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín; kí àwọn tí ń ṣètò ìlera sì ronú owó ìrìn-àjò pọ̀ mọ́ owó ìtọ́jú. Gbòǹgbò tí a bá ti yọ dànù, kò sí ìmọ̀ kankan tí yóò dá a padà fún ọmọ náà.