Obì Ló Ṣíwájú Tíì ní Ìkòròdú

Ní ọdún 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ohun ọ̀gbìn kan sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta. Epo pupa àti ekùrọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹrù tí Èkó ń kó lọ sí òkè òkun nígbà náà, owó wọn kì í sì í dúró sójú kan. Ìjọba fẹ́ kí àgbẹ̀ ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Wọ́n ń tọ́jú ọ̀dọ́ igi kòkó àti ti kọfí nínú ọgbà náà, wọ́n sì ń pín in fún ẹni tó bá nílẹ̀. Àwọn oníṣòwò Èkó kan tilẹ̀ ti ṣíwájú ìjọba dé oko. James Pinson Labulo Davies, ẹni tí gbèsè ti dà láàmú nídìí òwò, ti ń dáko ní Ìjọ̀n lẹ́bàá Agége láti nǹkan bí ọdún 1880. Jacob Kehinde Coker náà dá tirẹ̀ sí Ìfàkò. Kòkó ni ìtàn fi ń rántí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kọfí wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn ní Agége láyé ìgbà yẹn.

Ta ló wá ń mu kọfí ọ̀hún? Ẹni tó gbìn ín kọ́. Wọ́n á ká a, wọ́n á sá a, wọ́n á dì í sápò, ó di inú ọkọ̀ òkun. Òkè òkun náà ni wọ́n ti ń dá owó rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìyọnu ti wá. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin, kọfí Brazil kún ọjà àgbáyé débi pé iye owó rẹ̀ wó lulẹ̀. Ní ọdún 1906, àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gbin kọfí ní Brazil pàdé ní ìlú Taubaté, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ìjọba yóò máa ra èyí tó bá pọ̀ jù pa mọ́, kí owó rẹ̀ lè gòkè. Àgbẹ̀ Agége kò ní irú ìjọba bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907, kòkó ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, obì gbànja sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Obì yìí ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn tíì ní Ìkòròdú bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Obì àbàtà ni Yorùbá ní tẹ́lẹ̀, èyí tó ń là sí awẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a fi ń ṣe orò, tí a fi ń sọmọ lórúkọ, tí a sì fi ń gba àlejò. Gbànja tó ní awẹ́ méjì ni àwọn Haúsá fẹ́ràn. Láti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni ọkọ̀ òkun ti ń kó o wá sí Èkó kí wọ́n tó máa gbìn ín dáadáa nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tó ń bẹ nínú obì náà ló ń bẹ nínú kọfí àti nínú ewé tíì: kaféènì, tí í lé oorun lọ, tí í sì í jẹ́ kí ebi ṣe sùúrù. Ẹni tó ń rin ìrìn-àjò gígùn, ẹni tó ń ṣọ́ ilé lóru, ẹni tó ń kéwú títí ilẹ̀ fi mọ́, gbogbo wọn ló mọ iṣẹ́ tí obì ń ṣe. Nígbà tí ọ̀nà ojú irin láti Èkó dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1912, obì rí ẹsẹ̀ lọ sí òkè ọya. Àwọn oko tó ti ń yọ kọfí nù kún fún gbànja, láti Agége títí wọ ilẹ̀ Rémọ.

Ibi tí obì bá wà, oníbàárà rẹ̀ kì í jìnnà síbẹ̀. Àwọn Haúsá tó wá ra obì kò lè máa lọ kí wọ́n máa bọ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n tẹ̀dó. Ní Ìbàdàn, ọdún 1916 ni wọ́n ya àdúgbò Sàbó sọ́tọ̀ fún wọn. Sàbó Ṣàgámù di ibùdó ńlá fún òwò obì, ọkọ̀ akẹ́rù ń ti ibẹ̀ gbéra lọ sí Kánò. Ìkòròdú náà ní Sàbó tirẹ̀, ó ti di oríta àti ọjà ńlá tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú kò tilẹ̀ bi ara wọn léèrè ibi tí orúkọ náà ti wá.

Kò yani lẹ́nu pé àlejò rí àyè ní Ìkòròdú. Etí ọ̀sà ni ìlú náà wà, ẹnu ọ̀nà ni láàárín Èkó àti ilẹ̀ Rémọ, títí dé Ìbàdàn. Ọ̀nà òwò yìí ni Ẹ̀gbá fẹ́ dí nígbà tí wọ́n sàga ti Ìkòròdú, tí John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì, fi kó ọmọ ogun kọjá ọ̀sà ní oṣù kẹta ọdún 1865 láti lé wọn. Ìlú tí wọ́n bá ara wọn jà nítorí òwò tó ń gba ibẹ̀ kọjá kì í ṣe ìlú tó máa kẹ̀yìn sí àlejò tó gbé igbá lọ́wọ́.

Tíì ní ọ̀nà méjì tó gbà wọlé. Ọ̀kan gba inú aṣálẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1850 ni tíì aláwọ̀ ewé, èyí tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń kó láti China, gbilẹ̀ ní Mòrókò, ó sì ti ibẹ̀ di ohun mímu àwọn ará Sàhárà àti etí aṣálẹ̀: tíì tó ki, tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń dà láti òkè kí ó lè hó. Bí àṣà jíjókòó ti ìkòkò tíì, ká mu ún díẹ̀díẹ̀, ká sì máa tàkúrọ̀sọ, ṣe mọ́ àwọn Haúsá lára nìyẹn. Ọ̀nà kejì gba orí òkun. Thomas Lipton, ọmọ Glasgow tó ṣí ilé ìtajà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1871, lọ ra oko tíì ní Ceylon ní ọdún 1890, ó ń dì í ní páálí kékeré, ó ń tà á ní owó tí òṣìṣẹ́ lè san. Irú tíì páálí bẹ́ẹ̀ ló wá sí Èkó. Àwọn ilé ìtajà ńlá bíi Kingsway àti UTC ló ń tà á nígbà náà, akọ̀wé, tíṣà, àlùfáà àti nọ́ọ̀sì ló sì ń rà á. Nínú ilé ni wọ́n ti ń mu ún, lọ́jọ́ Àìkú tàbí nígbà tí àlejò pàtàkì bá dé, tòun ti ife àti àwo pẹrẹsẹ.

Ní Ìkòròdú, àwọn ọ̀nà méjèèjì pàdé lórí bẹ́ǹṣì kan: àṣà aṣálẹ̀ ló gbé ìjókòó wá, ọjà òkun ló gbé ewé rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí búrẹ́dì, òwò náà kì bá tí rí ẹsẹ̀ dúró. Àjèjì ló dá a sílẹ̀ fún wa pẹ̀lú. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, dé Èkó ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ojú irin. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, òun àti ìyàwó rẹ̀ sọ búrẹ́dì yíyan di òwò gidi ní Èkó, débi pé ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníbúrẹ́dì mìíràn tẹ̀ lé e, búrẹ́dì Agége sì gba gbogbo ìgboro, ó rọ̀, ó lè fa, wọn kì í sì í gé e kí wọ́n tó tà á. Agége kan náà tí ó ti gbin kọfí tì nígbà kan ló wá ń bọ́ onítíì!

Mílíìkì àti kòkó ló kù. Mílíìkì Peak ti wà lọ́jà láti ọdún 1954. WAMCO tó ń ṣe é nílé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973. Nestlé, tó ni Milo àti Nescafé, dé Nàìjíríà ní ọdún 1961. Cadbury dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọdún 1965, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Bournvita. Ewé tíì kò sí nínú Milo, kò sí nínú Bournvita, àmọ́ tíì náà ni gbogbo wọn lẹ́nu Yorùbá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mu tíì, onítíì á kọ́kọ́ bi í pé: Lipton ni àbí Milo?

Ohun tó mú kí tíì di ti gbogbo ayé kì í ṣe ìpolówó ọjà, ọ̀wọ́n ni. Ní ọdún 1986, ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní ọjà pàṣípààrọ̀, agolo mílíìkì àti ti Milo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Ní ọdún 1993, Promasidor gbé Cowbell wọlé, mílíìkì oníyẹ̀fun nínú ọ̀rá kékeré. Àwọn tó kù náà tẹ̀ lé e kíákíá: Milo ọlọ́rá, Bournvita ọlọ́rá, Nescafé tí mílíìkì àti ṣúgà ti wà nínú rẹ̀. Àwọn olóṣèlú lè sọ ohun tó wù wọ́n nípa ètò ọ̀rọ̀ ajé ìgbà yẹn; ọ̀rá kékeré ló gbà mẹ̀kúnnù là. Òun ló sì sọ mai-ṣáì, bí Haúsá ṣe ń pe onítíì, di oníṣòwò tí kò nílò owó ńlá. Kì í ra páálí pamọ́. Ohun tó máa tà lónìí ló máa rà lónìí.

Ní ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú lónìí, orúkọ tí gbogbo ọmọ Ìkòròdú fi ń rántí Olóyè T.O.S. Benson, mínísítà ètò ìròyìn láyé Tafawa Balewa, òwò náà kò ní pátákó orúkọ. Tábìlì kan, bẹ́ǹṣì méjì, iná gáàsì, kẹ́tù ńlá tó ti dúdú nísàlẹ̀, agolo mílíìkì tí wọ́n dá lu, ẹyin nínú kíréètì, àlùbọ́sà, ata, Indomie tí wọ́n so rọ̀ sókè. Mai-ṣáì á da tíì láti inú ife kan sí èkejì, ó gùn bí apá, ìfófó á yọ, kò ní kán sílẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ kì í ṣe ará Sàbó nìkan mọ́. Ọlọ́kadà ni, mẹkáníìkì ni, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Odògúnyàn tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ni. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2015 tí ọkọ̀ BRT ti ń ná ọ̀nà Ìkòròdú sí Máìlì Méjìlá, àwọn tó ń jí lọ sí Èkó kí àkùkọ tó kọ ti pọ̀ sí i, onítíì sì mọ ìgbà tí wọ́n ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹja ti jẹ́ ọjà àárọ̀, ní ọjà Olúwo. Ẹni tó bá ti ń ná ẹja láti ìdájí mọ ibi tí omi gbígbóná wà.

Kọfí ni kò rọrùn fún wa. Ẹni tó bá kọjá Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu tàbí Lomé yóò rí ìsọ̀ kọfí lẹ́bàá títì, Nescafé nínú mílíìkì dídùn, búrẹ́dì gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Faransé ló kó àṣà yẹn wá. Nescafé fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ kọfí tó pọ̀ jù ní Brazil: láàárín ọdún 1931 sí 1944 wọ́n jó nǹkan bí àpò mílíọ̀nù 78 níbẹ̀, wọ́n sì bẹ Nestlé kí ó wá ọ̀nà tí kọfí ò fi ní bàjẹ́. Max Morgenthaler ló rí i ṣe, Nescafé sì jáde ní Switzerland ní ọdún 1938.

Nàìjíríà ń gbin kọfí, kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mu ún. Ilé ìwádìí kòkó CRIN ní Ìbàdàn, tó wà láti ọdún 1964, ni kòkó, obì, kọfí, kaṣú àti tíì wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó sì ní oko ìwádìí kọfí ní Ìyámoyè ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ní 1986 tí wọ́n tú ẹgbẹ́ ọjà kòkó, kọfí àti tíì ká, kò sí ẹni tó ń dá owó fún àgbẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àdéhùn àgbáyé tó ń díwọ̀n kọfí tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè tà fọ́, owó kọfí já wálẹ̀ káàkiri. Ọ̀pọ̀ jẹ́ kí igbó bo oko. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì, Ngozi àti Chijioke Dozie, ṣí Café Neo ní Èkó ní ọdún 2012, Erékùṣù Victoria àti Ìkòyí ni wọ́n dojú kọ. Àwọn oníbàárà tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká lórí ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ewé tíì náà wà nílẹ̀ yìí. Lórí òkè Mambilla ní Taraba, ibi tó tutù tó, wọ́n ń gbin tíì ní Kakara, Highland Tea ni wọ́n ń pè é. Páálí rẹ̀ ń dé Èkó, ṣùgbọ́n Lipton ni ẹnu mọ̀. Lipton ti Nàìjíríà dara pọ̀ mọ́ Lever Brothers, tí à ń pè ní Unilever báyìí, ní ọdún 1985. Ní oṣù keje ọdún 2022, Unilever àgbáyé parí títa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òwò tíì rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìdókòwò CVC, ní bílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ owó Yúróòpù. Olówó ọjà yí padà. Ní Benson, páálí pupa àti yẹ́lò náà ni wọ́n ṣì ń rà, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n sì ń já a tà.