Apànìyàn Barking: kí ló ń dẹ́rù bani gan-an?

Nínú fíìmù ilé wa, a mọ bí apànìyàn ṣe máa ń rí: ojú pupa, igbá ẹ̀jẹ̀, ohùn bíi ti iwin. Ti òyìnbó ní tiẹ̀ máa ń gbọ́n ju ọlọ́pàá lọ, bíi Hannibal Lecter nínú The Silence of the Lambs, 1991. Ìtàn kan wà ní Barking wa níbí tí kò jọ ìkankan nínú méjèèjì.

Cooke Street ni Stephen Port ń gbé. Oúnjẹ ló ń sè ní gáréèjì bọ́ọ̀sì ní West Ham. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn, á wá fún wọn ní oògùn GHB. Mẹ́rin ló kú láàárín oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: Anthony Walgate ní June 2014, Gabriel Kovari ní August, Daniel Whitworth ní September, Jack Taylor ní September 2015.

Ta ló pe ambulance nígbà ikú àkọ́kọ́? Port fúnra rẹ̀ ni o! Nítorí irọ́ tó pa lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ fún un ní March 2015. Nígbà tó fi di June, ó ti jáde. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret's kan náà ni wọ́n ti rí Gabriel àti Daniel, obìnrin kan náà tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ló sì rí àwọn méjèèjì. Wọ́n bá ìwé lọ́wọ́ Daniel, pé òun ló ṣèèṣì pa Gabriel, òun sì ti gbẹ̀mí ara òun. Port ló kọ ọ́. Ọlọ́pàá gbà á gbọ́.

Ẹ sọ fún mi, ọgbọ́n wo ló wà níbẹ̀? Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí nìyẹn. Port ò fara pa mọ́. Àwọn tó yẹ kó wò ni ò wò. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ àwọn olóògbé ló ń béèrè. Àwọn ẹ̀gbọ́n Jack tó jẹ́ obìnrin ni ò jẹ́ kí ọlọ́pàá sinmi títí wọ́n fi gbé àwòrán CCTV jáde. Ní October 2015, ọwọ́ tẹ Port. Ní November 2016, ilé ẹjọ́ Old Bailey dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un, kò sì ní jáde láéláé.

Ní December 2021, ìgbìmọ̀ aráàlú tó jókòó ní Barking Town Hall sọ pé ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe ọlọ́pàá wà lára ohun tó fa ikú àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn. Nígbà tí BBC wá gbé Four Lives jáde ní January 2022, àwọn ẹbí ni wọ́n gbé síwájú, kì í ṣe apànìyàn. Ẹ̀rù bani ju ti Lecter lọ, nítorí ìyá ń sunkún lórí fóònù, ẹnì kankan ò dáhùn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Ìgbésí ayé wọn ló fà á." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni apànìyàn ń fi ṣe ibi ìsápamọ́ sí. Lónìí ọmọ tẹ́ ò fẹ́ràn ìwà rẹ̀ ni. Lọ́la ó lè jẹ́ ọmọ wa tí kò ní ìwé ìgbélùú, tó kú sínú yàrá kan ní Dagenham. Tí wọ́n bá ní ó kàn kú ni, ẹ béèrè. Ẹ tún béèrè.