Fèrèsé Bingerville, Láti Orí Ìrókò Dé Orí Alumíníọ̀mù

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló sọ Bingerville di olú-ìlú. Lọ́dún 1899, ibà náà wọ Grand-Bassam létí òkun, níbi tí àwọn Faransé fi ṣe ibùjókòó ìjọba wọn ní Côte d'Ivoire, ó sì pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù kò dúró wò ó. Wọ́n wá orí òkè kan lẹ́bàá ọ̀sà Ébrié, nítòsí abúlé Adjamé-Santey, wọ́n kó ìjọba lọ síbẹ̀ ní 1900, wọ́n sì fi orúkọ Louis-Gustave Binger tó jẹ́ gómìnà àkọ́kọ́ sọ ìlú náà.

Fèrèsé ni èmi fi ń jẹun ní ìlú yìí. Èjìgbò ní Nàìjíríà ni bàbá mi ti wá, bíi ti ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Àbíjàn, ọjà ló sì ń tà ní Treichville títí ó fi di àgbà. Anago ni wọ́n ń pè wá níbí, bí wọ́n bá sì rí Anago tí kò ta ọjà, ẹnu a máa yà wọ́n. Mo fi ọjà sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ kọ́ṣẹ́ alumíníọ̀mù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo bá dé iwájú ilé àtijọ́, ojú fèrèsé ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo òrùlé.

Ilé àtijọ́ sì pọ̀ ní Bingerville. Ààfin gómìnà ṣì dúró lórí òkè, àwọn ọmọkùnrin aláìlóbìí ni ìjọba fi síbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, kó rántí ohun tí àwọn tó kọ́ ọ gbà gbọ́. Èrò wọn ni pé afẹ́fẹ́ burúkú inú irà ló ń fa ibà, pé afẹ́fẹ́ orí òkè ló sì lè wò ó. Lọ́dún 1900 kan náà yìí, ní Cuba, ikọ̀ dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí Walter Reed ṣe olórí rẹ̀ ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà náà kiri. Carlos Finlay, dókítà ọmọ Cuba, ti wí bẹ́ẹ̀ láti 1881, wọn ò kà á sí. Ìròyìn kì í yára rìn nígbà náà. Nítorí afẹ́fẹ́ ni àwọn Faransé ṣe kọ́ yàrá gíga, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, àti fèrèsé ńlá tó kọjú sí fèrèsé ńlá, kí atẹ́gùn ọ̀sà lè gba ọ̀kan wọlé kó sì gba èkejì jáde. Wọ́n ṣi ìdí ibà mọ̀, àmọ́ wọ́n mọ ilé kọ́.

Fèrèsé ìgbà náà kì í sábà ní dígí. Pẹsiẹ́nì ni wọ́n ń pè é: pákó pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò ní ìdagẹ̀rẹ̀ sínú férémù igi. Òjò ń bọ́ sórí pákó, ó ń ṣàn síta. Oòrùn ò lè wọlé tààrà. Atẹ́gùn nìkan ló rí ọ̀nà gbà, tọ̀sán tòru, ìlẹ̀kùn ì báà tì. Yorùbá tó bá ti rìn dé ilé Àgùdà ní Èkó tàbí ní Porto-Novo ti rí irú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ rẹ̀ le. Káfíńtà ní láti gbẹ́ ojú ihò kọ̀ọ̀kan ní ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo ìlà á wọ́. Igi náà gbọ́dọ̀ ti gbẹ délẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí òjò oṣù kẹfà bá dé, ó wú, kò sì ní ṣí mọ́. Ìrókò àti ọ̀gánwó ló dára jù fún un. (Ìrókò náà ni àwọn Faransé ń pè é nínú òwò igi wọn, lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ti mú orúkọ ọ̀hún.) Bingerville sì jẹ́ ìlú tó mọ igi: ibẹ̀ ni Charles Combes, agbẹ́gilére ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Côte d'Ivoire ní igi gbígbẹ́, títí ó fi kú ní 1968. Iṣẹ́ náà kò tíì parẹ́ níbẹ̀ dòní.

Ní 1934, ìjọba tún kó ẹrù, ó di Àbíjàn. Bingerville dákẹ́. Àwọn ọmọ ìlú kì í fẹ́ràn kí a rántí ìyẹn, àmọ́ lójú tèmi, àìsí owó ló gba àwọn ilé náà là. Ibi tí owó bá wà ni wọ́n ti ń wó ilé àtijọ́.

Ohun tó lé pẹsiẹ́nì lọ ni naakó. Àmì ilé-iṣẹ́ kan ni orúkọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di orúkọ fún gbogbo irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ní ibi púpọ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Òun náà ni ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní lúfà. Ní 1950 ni wọ́n la ọ̀nà omi Vridi já, tí ọkọ̀ òkun ńlá fi lè wọ inú ọ̀sà wá sí èbúté Àbíjàn, ẹrù tó ń ti òkè òkun wá sì di púpọ̀, naakó wà lára wọn. Ẹni tó ronú naakó lóye pẹsiẹ́nì dáadáa. Dígí ló fi rọ́pò pákó, ó sì so wọ́n mọ́ ọwọ́ kan ṣoṣo: fà á, gbogbo rẹ̀ ṣí, tì í, gbogbo rẹ̀ pa dé. Bí o bá ṣí i tán, ó kù díẹ̀ kí gbogbo ojú fèrèsé di ti atẹ́gùn. Káfíńtà kò sì ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ ju férémù lọ.

Àléébù rẹ̀ ni olè. Kò gba olè ní nǹkan kan láti yọ dígí kọ̀ọ̀kan, kó tò ó jẹ́jẹ́ sílẹ̀, kó sì wọlé. Ìyẹn ló fún àwọn wẹ́dà ní iṣẹ́ àntifọ́ọ̀lù, irin tí a ń fi dí ojú fèrèsé. Àléébù kejì ni pé naakó kì í pa dé tán. Àyè kéékèèké máa ń wà láàárín dígí méjì. Ẹnikẹ́ni ò kà á sí àléébù títí ẹ̀rọ amúlétutù fi dé.

Fèrèsé tó lè pa dé tán ni wọ́n wá ń fẹ́, ti alumíníọ̀mù. Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan àtijọ́. Ní 1886 ni Charles Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé, láìmọ ara wọn, rí ọ̀nà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́ lára òkúta tó ń gbé inú rẹ̀. 1863 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, 1914 ni àwọn méjèèjì sì kú. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi, wọn kì í gbà á gbọ́. Kó tó di 1886, owó alumíníọ̀mù kò ṣeé sún mọ́. Ní agbègbè wa, Edéa ní Cameroon ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́, ní 1957. Fria ní Guinea bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ìyẹ̀fun rẹ̀ ní 1960, Tema ní Ghana sì tẹ̀ lé e ní 1967 pẹ̀lú iná tó ń ti ìdídò Akosombo wá. Ohun tó mú kó dára fún fèrèsé kò ju mẹ́ta lọ: kì í dípẹtà bí irin, ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta ti irin, ó sì ṣeé fi ẹ̀rọ tì gba ojú àpẹẹrẹ jáde, bí ìgbà tí a bá fún ọṣẹ ìfọyín, ní ìrísí tó bá wù wá.

Plateau ní Àbíjàn ló kọ́kọ́ gbé e wọ̀. Owó kòkó ń wọlé láti àwọn ọdún 1960 títí dé ìparí àwọn ọdún 1970, ilé gogoro ń dìde: La Pyramide tí Rinaldo Olivieri, ayàwòrán ilé ọmọ Ítálì, yà, parí ní 1973. Ilé oníṣẹ́ ìjọba, ilé báńkì, dígí ńlá, kilimá, ìyẹn ẹ̀rọ amúlétutù, nínú gbogbo yàrá. Nígbà tó yá, ẹni tó bá rí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ á fẹ́ irú rẹ̀ nílé.

Oṣù kìíní 1994 ni a ò lè gbàgbé nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n já owó CFA sí méjì: franc Faransé kan tó jẹ́ 50 CFA di 100. Ọ̀pá alumíníọ̀mù tó ń ti Yúróòpù wá di ìlọ́po méjì iye rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọṣẹ́ ni mí nígbà náà. Ọ̀gá mi, tí kì í bínú, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́kọ́rọ́ ti ibi tí à ń kó àjákù sí. Ọ̀pá kan gùn tó mítà mẹ́fà. Ó kọ́ wa láti kọ gbogbo ìwọ̀n ilé kan sílẹ̀, ká sì pín in sórí ọ̀pá kí ayùn tó kàn án, kí ohun tó máa ṣẹ́kù má ju ìka ọwọ́ lọ. Àjákù tí kò wúlò mọ́, àwọn tó ń rọ ìkòkò ń rà á. Mo gbà pé ọdún yẹn ló sọ wá di oníṣẹ́ gidi.

Ní 2001, wọ́n fi Bingerville kún agbègbè ìjọba Àbíjàn, ilé sì ti ń bo koríko mọ́lẹ̀ láti ìgbà náà. Lọ sí Feh Kessé, kí o rí i. Kulisáǹ ni gbogbo wọn, fèrèsé tó ń yọ̀ lórí ojú irin. Bí mo bá lọ ṣe fèrèsé fún àwọn ará ilé ní Èjìgbò, sláídìn ni orúkọ rẹ̀. Batáǹ tó ń ṣí síta bí ìlẹ̀kùn di késímẹ́ǹtì. Orúkọ ló yàtọ̀, ìfẹ́ kulisáǹ kò yàtọ̀. Mi ò bá wọn jà. Kulisáǹ kì í gba àyè, afẹ́fẹ́ òjò kò lè gbá a mọ́ ògiri, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì bá a mu. Àmọ́ ìdajì ló ń ṣí. Fèrèsé tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà méjì, mítà kan péré ni atẹ́gùn yóò rí lò, torí ewé kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn èkejì.

Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Èjìgbò kọ́lé sí etí ọ̀sà.

"Ọmọ mi, kulisáǹ ni kí o bá mi fi sí gbogbo rẹ̀. Mi ò fẹ́ naakó o."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, yàrá yín kọjú sí ọ̀sà. Ẹ jẹ́ kí n fi batáǹ síbẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọlé."

"Atẹ́gùn wo? Ṣé o rò pé mi ò ní ra kilimá?"

"Bí iná bá lọ ńkọ́, mà?"

Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n ṣe batáǹ sí yàrá tiwọn, kí n fi kulisáǹ sí iwájú ilé, kí àwọn ẹbí má baà rò pé owó ló tán.

Ilé tí à ń kọ́ báyìí, a ti dí i fún kilimá kí a tó mọ̀ bóyá a ó lè máa san owó iná rẹ̀. Àwọn tó sá fún ibà ní 1899 kò ní kilimá, wọ́n sì sùn. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọ́lé ní Bingerville, ní Èjìgbò tàbí ibikíbi tí ooru wà: ẹ ní kí wọ́n ṣe batáǹ sí yàrá ìsùn, kí wọ́n sì jẹ́ kí fèrèsé kejì wà lódìkejì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí naakó wà ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀, kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé alumíníọ̀mù wọlé kí bíríkìlà tó parí, nítorí simẹ́ńtì tútù ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá sì ṣe kulisáǹ fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ojú irin lápá ìta, kí ẹ wá ihò kéékèèké tí omi òjò ń gbà jáde. Bí kò bá sí ihò, ẹ má tíì san owó tó kù.