Ilẹ̀kùn Inú Ilé: Láti Ojú Ihò dé Ìwakùn Irin

Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ilé Yorùbá, ògiri àti òrùlé ni a sábà máa ń tẹnu mọ́. A kì í sọ púpọ̀ nípa ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tí a gbà ń fi ilẹ̀kùn sí ẹnu iyàrá lè kọ́ wa ní ìtàn ilé náà fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀kùn àtijọ́ kò ní ìwakùn irin. Igi líle bí ìrókò ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́, yóò sì fi ọ̀pá kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó yọ lókè tí ó sì yọ nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá yìí jókòó sínú ihò lára igi tí a tẹ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Orí rẹ̀ wọ inú ihò lára àtẹ́rígbà. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ń yí. Ilẹ̀ ni ó ru ìwúwo rẹ̀, kì í ṣe ògiri. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé ògiri alámọ̀ kò lè di ìṣó mú pẹ́.

Irú rẹ̀ tí ó lókìkí jù ni èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914. Ní ọdún 1924, a gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọba gba ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pàṣípààrọ̀; ilẹ̀kùn àti àtẹ́rígbà rẹ̀ sì di ti British Museum. Ohun tí a gbẹ́ fún ẹnu ọ̀nà kan wá di ohun àwòyanu tí kò ṣí, tí kò sì tì mọ́.

Ṣáájú èyí, àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì padà dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti mú iṣẹ́ káfíńtà gbilẹ̀ ní Èkó. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894. Nínú agbo ilé àtijọ́, àgbàlá ni àwọn iyàrá kọjú sí. Nínú ilé Àgùdà, wọ́n kọjú sí ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Nítorí náà ni ilẹ̀kùn inú ilé fi pọ̀ sí i.

Ìwakùn irin, ewé irin méjì tí ọ̀pá kéékèèké so pọ̀, yí ọ̀ràn náà padà. Ilẹ̀kùn kò jókòó sórí ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ó rọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí férémù pákó fi gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, kí ó dúró ṣánṣán, kí ìwakùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ sì wà lójú ìlà kan. Bí a bá kan ìwakùn mọ́ ògiri alámọ̀ lásán, yóò sán. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Kí olùkọ́ má ṣe sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, nígbà náà, pé àìmọ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn baba wa lo ìwakùn irin. Wọ́n mọ ohun tí ògiri wọn lè gbé, wọ́n sì gbé ẹrù náà lé ibi tí ó lè rù ú.