Àbàwọ́n Tó Di Ọ̀rẹ́ Ìmọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Tí awò bá wà lójú yín, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ gbé e sábẹ́ iná. Tí ẹ bá rí àwọ̀ ewé tàbí elése àlùkò tó ń dán fẹ́ẹ́rẹ́ lójú rẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó. Coating là ń pè é. Òun ni mò ń ṣe PhD lé lórí níbí ní Britain, mo sì rí i pé ìtàn rẹ̀ dùn ju bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lọ.

Ìṣòro ló kọ́kọ́ wà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dé ojú dígí, kì í wọlé tán. Nínú 100, bíi 4 á ta padà. Bó bá tún ń jáde lódìkejì, bíi 4 nínú 100 á tún ta padà. Kò pọ̀, àbí? Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì kámẹ́rà kan lè ní dígí márùn-ún nínú, ìyẹn ojú mẹ́wàá. Kí ìmọ́lẹ̀ tó la gbogbo rẹ̀ kọjá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti ṣòfò.

Ní ìparí ọ̀rúndún 19, Dennis Taylor, tó ń ṣe lẹ́ńsì nílé iṣẹ́ Cooke nílùú York, ṣàkíyèsí ohun kan tó yani lẹ́nu. Àwọn lẹ́ńsì àtijọ́ tí àbàwọ́n ti mú lójú, tí àwọn olówó wọn rò pé ó ti bàjẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá ju ti tuntun lọ! Taylor kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má fòyà, ọ̀rẹ́ ni àbàwọ́n náà. Ní 1904, ó gba patent lórí bí a ṣe lè fi kẹ́míkà ṣe irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ sójú lẹ́ńsì tuntun. Àmọ́ iṣẹ́ náà kò ṣe é gbọ́kàn lé: lónìí á jẹ́, lọ́la kò ní jẹ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi. Tí coating bá wà lójú dígí, ibi méjì ni ìmọ́lẹ̀ á ti ta padà: lókè coating náà àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ó bá nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì kan, èyí tó ti ìsàlẹ̀ bọ̀ á fi ìdajì ìgbì pẹ́ lẹ́yìn. Bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ò sọnù o: èyí tí kò rí ọ̀nà padà á gba inú dígí kọjá.

Ní 1935, Olexander Smakula, ọmọ Ukraine tó ń ṣiṣẹ́ ní Zeiss nílùú Jena, gba patent lórí bí a ṣe ń ṣe coating nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Jámánì fi ṣe àṣírí ogun. Ní 1938, láìsí pé ó mọ̀ nípa ti Smakula, Katharine Blodgett ṣe tirẹ̀ ní General Electric, Schenectady, ní Amẹ́ríkà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba PhD físíìsì ní Cambridge, ní 1926. Ó ń ri dígí bọ omi tí nǹkan kan bí ọṣẹ léfòó lójú rẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan ń lẹ̀ mọ́ ọn, títí ó fi pé 44. Ìmọ́lẹ̀ tó lé ní 99 nínú 100 ló kọjá! Ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù, ìka lásán lè nù ún kúrò. Àwọn mìíràn ló wá fi magnesium fluoride ṣe èyí tó le, tí a ṣì ń lò dòní.

Ẹ wá yí ìṣirò náà padà. Ká ní a fẹ́ kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ kọjá, kí ìdajì ta padà ńkọ́? Beam splitter nìyẹn. Ní 1887, Michelson àti Morley lo dígí tí wọ́n fi fàdákà bò fẹ́ẹ́rẹ́ láti pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà méjì, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra nígbà tí wọ́n bá padà pàdé. Ṣùgbọ́n fàdákà máa ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń pín. Lóde òní, ohun èlò méjì tí ìmọ́lẹ̀ kì í yára bákan náà nínú wọn là ń tò léra, ọ̀kan lórí èkejì. Bí a bá ṣe ṣe ìpele wọn nípọn sí ló máa sọ iye tó kọjá àti iye tó ta padà, wọn kì í sì í jẹ nǹkan kan tó ṣe é kà.

Irú dígí bẹ́ẹ̀ ló wà nínú LIGO, tó ní apá méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní kìlómítà 4. Ní September 14, 2015, ó gbọ́ ìró black hole méjì tó forí gbárí níbi tó jìn ju bílíọ̀nù kan ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹ mọ ohun tó wà lára ohun tí kò jẹ́ kó gbọ́ èyí tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ? Coating ni! Ooru máa ń mú un gbọ̀n, ìgbọ̀n kékeré yẹn sì ń bo ìró tí a ń wá mọ́lẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Michelson gba Nobel ní 1907, àwọn aṣáájú LIGO gbà á ní 2017, ó sì tọ́ sí wọn. Taylor, Smakula àti Blodgett ò gba irú rẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Tí ẹ bá ní ọmọ tó ń ka físíìsì, ẹ sọ orúkọ Blodgett fún un.