Ta Ni Ó Di Ìjánu Kọ̀ǹpútà Mú?

Bí ẹnìkan bá ra ẹṣin, tí kò sì ra ìjánu, wàhálà ni ó fi owó rẹ̀ rà. Ọ̀rọ̀ ìjánu ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjánu ẹṣin. Ìjánu kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, èyíinì ni kọ̀ǹpútà kékeré tí a lè gbé lé orí itan, tí ó sì ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó yóò ti ṣàkíyèsí pé nígbà mìíràn ara rẹ̀ a tutù, a sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ara rẹ̀ a gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe, fáànù inú rẹ̀ a sì máa kùn bí oyin. Kí ni ó ń fa èyí? Ìtàn rẹ̀ gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn ún gbọ́.

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ẹ̀yà kan wà tí ó ń ṣe ìṣirò, tí ó sì ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀yà yòókù. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ yìí kì í kàn ṣiṣẹ́ bí ó ti wù ú. Bí oníjó ti ń gbé ẹsẹ̀ tẹ̀lé ìlù, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń gbé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ìlù kan tí ẹ̀yà kékeré mìíràn ń lù fún un. Bí ìlù bá yá, iṣẹ́ a yá. Bí ìlù bá falẹ̀, iṣẹ́ a falẹ̀. Iye ìgbà tí ìlù náà ń dún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a fi ń wọn eré rẹ̀. Bí ó bá dún ní mílíọ̀nù ìgbà kan, a ó kọ ọ́ ní 1 MHz. Bí ó bá dún ní bílíọ̀nù ìgbà kan, a ó kọ ọ́ ní 1 GHz.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ IBM ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà kan jáde tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rà fún ara rẹ̀. Ọpọlọ tí ó wà nínú rẹ̀ ni Intel 8088, ìlù rẹ̀ sì jẹ́ 4.77 MHz. Ìlù kan ṣoṣo náà ni. Kò lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lè falẹ̀. Nítorí náà, àwọn kan tí ń ṣe eré ìdárayá orí kọ̀ǹpútà gbé gbogbo ìṣirò wọn lé orí ìlù yìí. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn wá ń ṣe irú kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú ìlù tí ó yá tó 8 MHz, eré wọ̀nyí bàjẹ́. Ohun tí ó yẹ kí ó máa rìn wá ń fò, kí ọwọ́ ọmọ tó kan bọ́tìnì, eré ti parí. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n fi bọ́tìnì kan sí iwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n pè é ní Turbo. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ìlù a yá; bí a bá tún un tẹ̀, ìlù a padà sí ti àtijọ́. Ẹ kíyè sí i pé ní ìgbà yẹn, ọwọ́ ènìyàn gan-an ni ìjánu wà, àti pé ọ̀rọ̀ iná kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ìgbà tí kọ̀ǹpútà di ohun tí a ń gbé káàkiri ni ọ̀rọ̀ iná dé. Bátìrì dà bí àmù omi inú ilé: bí ó ti wù kí ó tóbi tó, ó ní ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlù àwọn ọpọlọ tuntun ń yá sí i lọ́dọọdún, wọ́n sì ń jẹ iná sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọpọlọ ti ń jẹ iná. Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì jù: èkíní ni bí ìlù ti ń yá tó, èkejì ni agbára tí ó ń ti iná wọlé, èyí tí a ń fi fólìtì wọ̀n. Bí a bá dín ìlù nìkan kù sí ìdajì, iná tí ọpọlọ ń jẹ nídìí iṣẹ́ náà a dín kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà yóò gba àkókò ìlọ́po méjì. Ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Fólìtì ní tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń kà á nínú ìṣirò náà: bí ó bá lọ sílẹ̀ sí ìdajì, iná a lọ sílẹ̀ sí ìdámẹ́rin. Ìlù tí ó rọra ń lọ kò sì nílò fólìtì púpọ̀. Bí a bá dín àwọn méjèèjì kù pọ̀, ibẹ̀ ni èrè wà.

Ní ọdún 1994, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́rin tí ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwádìí ilé-iṣẹ́ Xerox ní ìlú Palo Alto ní Kalifọ́níà kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ wọn ni Mark Weiser, Brent Welch, Alan Demers àti Scott Shenker. Wọ́n wòye pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà a máa sáré parí iṣẹ́, a sì tún wá jókòó lásán máa retí ẹni tí ń tẹ̀wé. Wọ́n ní dípò kí ó sáré kí ó sì jókòó, ó sàn kí ó rọra máa rìn lórí fólìtì kékeré, kí ó lè dé ní àsìkò tí a ń fẹ́ ẹ. Àpèjúwe tí àwọn fúnra wọn lò ni ti ìjàpá àti ehoro: ìjàpá ni ó mọ iná ṣọ́ ju ehoro lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ rí i pé Ìjàpá tí ẹ mọ̀ sí alágàbàgebè nínú àlọ́ tiwa, àwọn wọ̀nyí fi í ṣe olùkọ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000, ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé, ó bọ́ sí ọjà. Ilé-iṣẹ́ Intel gbé ọpọlọ Pentium III kan jáde fún kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó sì pe ìjánu rẹ̀ ní SpeedStep. Bí okùn iná bá wà lára ògiri, ìlù rẹ̀ jẹ́ 650 MHz, lórí fólìtì 1.6. Bí a bá yọ okùn náà, tí ó ku bátìrì nìkan, ìlù a bọ́ sí 500 MHz, fólìtì a sì bọ́ sí 1.35. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Eré tí a pàdánù jẹ́ nǹkan bí 23 nínú 100. Iná tí a fi pamọ́ jẹ́ nǹkan bí 45 nínú 100. Ọlọ́jà tí ó bá fi 23 sílẹ̀ tí ó sì gba 45 padà, ta ni yóò sọ pé kò mọ ọjà á ná?

Ní oṣù kan náà, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Transmeta fi ọpọlọ tirẹ̀, Crusoe, han aráyé. Ti Crusoe tún ju èyí lọ, nítorí pé kì í dúró de kí a yọ okùn iná. Bí iṣẹ́ ti ń pọ̀, tí ó sì ń dín, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ń yí ìlù àti fólìtì padà ní ìpele-ìpele. Transmeta kò pẹ́ nínú ọjà, a ta á fún ilé-iṣẹ́ mìíràn ní 2009. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là kò parẹ́. Ní ọdún 2000 náà ni AMD gbé tirẹ̀ jáde, tí ó pè ní PowerNow!

Ìjánu ti wà wàyí, ṣùgbọ́n ta ni kí ó dì í mú? Ibi yìí ni a ti máa rántí ọkùnrin ará Skọ́tílándì kan tí ń jẹ́ James Watt. Ní ọdún 1788, ó fi ohun kan sí ara ẹ̀rọ ńlá tí ooru omi híhó ń tì, kí eré rẹ̀ má baà kọjá ààlà. Bọ́ọ̀lù irin méjì ni a so mọ́ ọ̀pá tí ẹ̀rọ náà ń yí. Bí ẹ̀rọ bá sáré jù, àwọn bọ́ọ̀lù náà a gbéra sókè síta, bí etí agbádá oníjó tí ń pòyì, gbígbéra wọn a sì máa pa ọ̀nà tí ooru ń gbà wọlé dé díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá falẹ̀, wọn a wálẹ̀, ọ̀nà a sì tún ṣí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú nínú ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, ṣùgbọ́n Watt ni ó mú un wọ inú ẹ̀rọ tirẹ̀. Orúkọ tí wọ́n pe ohun náà ni gómìnà, orúkọ kan náà tí à ń pe olórí ìpínlẹ̀.

Nígbà tí àwọn tí ń ṣe Linux, ètò ńlá tí ń darí kọ̀ǹpútà, fẹ́ sọ ìjánu ọpọlọ lórúkọ, orúkọ gómìnà yìí náà ni wọ́n mú. Gómìnà kan ní kí ọpọlọ máa sáré nígbà gbogbo. Òmíràn ní kí ó máa rọra nígbà gbogbo. Ní ọdún 2004, wọ́n fi ọ̀kan kún wọn tí ń jẹ́ ondemand: ó ń wo bí ọwọ́ ọpọlọ ti dí tó, bí iṣẹ́ bá dé lójijì a gbé ìlù sókè, bí iṣẹ́ bá tán a tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìjánu kúrò lọ́wọ́ ènìyàn, ó bọ́ sọ́wọ́ ètò.

Ọdún 2004 yìí kan náà ni eré àsápajúdé fi orí sọ ògiri. Pentium 4 ti dé 3.8 GHz, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 800 ti ọdún 1981, ooru tí a sì ní láti kó kúrò lára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 115. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gílóòbù oníwáàtì 60 méjì, lórí ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Orúkọ James Watt wa náà ni a fi ń wọn ooru yìí. Intel ti ń múra àtigbé 4 GHz jáde, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún náà ó pa á tì. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń fi ọpọlọ méjì, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà kan, dípò kí wọ́n máa na ẹyọ kan ní pàṣán. Ní 2008 orúkọ Turbo tún padà wá: nínú ọpọlọ Core i7, bí àwọn kan bá ń sinmi, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lè sáré ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ níwọ̀n ìgbà tí ooru bá gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2015, Intel fi ìjánu náà lé ọpọlọ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, ó pè é ní Speed Shift, nítorí pé kí ètò tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé, ọpọlọ ti mọ̀.

Ṣé ìjàpá ni ó borí títí láé? Rárá. Àwọn ọpọlọ òde òní mọ oorun sùn: bí wọn kò bá ní iṣẹ́, wọn a pa ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara wọn kú fún ìgbà díẹ̀, wọn kì í sì jẹ iná tó ti àtijọ́. Nítorí náà, nígbà mìíràn ó sàn kí ọpọlọ tètè parí iṣẹ́ kí ó lọ sùn, jù kí ó máa wọ́ ọ nílẹ̀ nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀yà yòókù ń jẹ iná tiwọn lọ. Ẹni tí ó bá fi ipá dá ọpọlọ dúró sí ìlù tí ó kéré jù lọ fún gbogbo iṣẹ́, ó lè rò pé òun ń ṣọ́ iná, kí ó sì máa fi ṣòfò.

Kí ni ó wá kù fún ẹ̀yin tí ẹ ni kọ̀ǹpútà? Àṣẹ ni ó kù fún yín. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà òde òní ní ibi tí a ti lè yan ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta: ìfiná-pamọ́, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti eré. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí iná bá lọ, tí iṣẹ́ kò sì ju ìwé kíkọ lọ, ẹ yan ìfiná-pamọ́. Bí iná bá wà, tí iṣẹ́ sì wúwo, ẹ fún un ní eré. Bí kọ̀ǹpútà yín bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ lójijì tí ara rẹ̀ ń gbóná, ẹ má tètè sọ pé ó ti darúgbó. Ó lè jẹ́ pé eruku ọyẹ́ ti dí ọ̀nà fáànù rẹ̀, tàbí pé orí tìmùtìmù ni ẹ gbé e lé, tí ọpọlọ sì ń fa ìjánu ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ jẹ́ kí a gbọn eruku rẹ̀.

Láti ọwọ́ ènìyàn, ìjánu bọ́ sọ́wọ́ ètò, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í yan ọ̀nà fún ẹni tí ó gùn ún. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ìjánu wà, bátìrì rẹ̀ yóò pẹ́ fún un ní alẹ́ tí iná kò sí.