Awò Ìfojúsun Alámì Pupa

Awò kékeré tí a ń dè mọ́ orí ìbọn láti fi wo ibi tí ọta yóò bà. Howard Grubb, ará Dublin tó ń ṣe awò awọ̀nàjíjìn, ló gba ẹ̀tọ́ lórí ìlànà rẹ̀ ní 1900; ilé-iṣẹ́ Aimpoint ti Sweden gbé oníbátìrì jáde ní 1975. Iná bíńtín inú rẹ̀ ń tàn sára dígí, dígí á dá a padà sójú ayìnbọn, bí ẹni pé àmì náà wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ìdí nìyẹn tí kò fi pọn dandan láti di ojú kan. Lésà tí a ń dè mọ́ ìbọn yàtọ̀ sí èyí: ara ohun tí a dojú ìbọn kọ ló ń tàn sí, oòrùn ọ̀sán sì tètè ń bò ó mọ́lẹ̀. Awòkawò tí a kò bá fi ìbọn yíyìn ṣàtúntò ní pápá ìdánrawò kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.